Bí ẹ ṣe máa múra de colonoscopy kí wọ́n má baà dá yín padà sílé

Ó ti tó ẹni mẹ́rin tó pè mí láàárín oṣù yìí, gbogbo wọn ló ń bi mí báwo la ṣe ṣe ti bàámi nígbà tí dókítà fi kámẹ́rà wo ìfun wọn, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá nílò ẹ̀ lè rí i kà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kì í ṣe pé dókítà ò mọṣẹ́ o, inú bàámi ni ò mọ́. Kámẹ́rà wọlé, ìgbẹ́ ni dókítà ń rí, kò rí ara ìfun rárá, ó bá yọ ọ́, ó ní ká lọ múra dáadáa ká padà wá. Owó lọ, ọjọ́ lọ, bàbá ẹni ọdún 61 tún padà lọ febi panú. Ìwé tí wọ́n fún wa ṣáájú, ewé kan péré ni, òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì wá ṣàlàyé. Ohun tí mo kọ́ láàárín ẹ̀ẹ̀kìíní sí ẹ̀ẹ̀kejì ni mo fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jẹ̀dí yìí ná. Ọdún méjì ni bàámi fi ń rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá yàgbẹ́, jẹ̀dí la sì ń pè é. Kò sí irú àgbo jẹ̀dí tí wọn ò mu, ti inú ìgò, ti inú ọ̀rá, èyí tó korò, èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ̀jẹ̀ á dá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú wa á dùn, á tún dé padà. Ọjọ́ tí òòyì kọ́ wọn tí wọ́n ṣubú ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la tó gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, jẹ́ 23, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ó yẹ kó tó bí i 40. Mi ò bá alágbo jà. Jẹ̀dí wà lóòótọ́, ó wọ́pọ̀ gan-an, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ pupa fòò láìdunni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ ìfun náà lè ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó tiẹ̀ lè wà lára ẹni tó ti ní jẹ̀dí tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀, alágbo ò lè mọ̀ ọ́n, dókítà gan-an ò lè mọ̀ ọ́n láìwo inú.

Torí náà tí ẹ bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ yí padà tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, bóyá ó ń le ni o tàbí ó ń ṣàn, tàbí ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ yín ń dín tẹ́ ò mọbi tó ń gbà lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ rí dókítà kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó wo inú. Ẹni tí bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀, tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀jẹ̀ rárá, láti ọmọ 40 ọdún ló ti yẹ kó lọ, tàbí kó fi ọdún 10 yọ nínú ọjọ́ orí tí ẹni yẹn wà nígbà tí wọ́n rí tiẹ̀, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, láti 2021 ni wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọmọ 45, kódà kó má sí nǹkan tó ń ṣe yín. Ẹ rántí Chadwick Boseman tó ṣe fíìmù Black Panther, àìsàn yìí ló pa á lọ́dún 2020, ọmọ ọdún 43 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, NHS máa ń fi kíìtì kékeré kan ránṣẹ́ sílé fún ẹni ọdún 50 sí 74 ní ọdún méjì-méjì, ẹ máa fi igi tín-ín-rín inú ẹ̀ kan ìgbẹ́ yín díẹ̀, ẹ ó fi í ránṣẹ́ padà bí ẹ ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Mo mọ àwọn àǹtí wa tó ń jù ú sínú ike ìdọ̀tí torí ó ń rí wọn lára. Ẹ má jù ú nù, ó máa ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá kì í sábà ṣàdédé yọjú. Ẹran kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ hù sára ìfun, polyp ni wọ́n ń pè é, ó lè lo bí ọdún 10 níbẹ̀ kó tó yí padà. Kámẹ́rà tó rí i náà ló máa gé e, lójú ẹsẹ̀, kò sí pé à ń la ikùn. Dókítà méjì, William Wolff àti Hiromi Shinya, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé e báyìí ní New York lọ́dún 1969. Nílé níbí, wọ́n ń ṣe é ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀, àti láwọn ọsibítù aládàáni kan.

Tí wọ́n bá ti fún yín lọ́jọ́, ẹ bi wọ́n léèrè pé ṣé owó tí wọ́n dá yìí, ó kan àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n bá gé lára ìfun, torí láàbù máa ń gba owó tiẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́pọ̀ ibi. Tẹ́ ẹ bá ń lo HMO, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera, ẹ tètè gba code ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ má dé ibẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó máa pè wọ́n. Kẹ́ ẹ wá ka gbogbo òògùn tẹ́ ẹ ń lò fún wọn, gbogbo ẹ̀ ni mo wí. Òògùn ẹ̀jẹ̀ bí i ferrous tó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìfun, ẹ máa ní láti dá a dúró bí ọjọ́ 7 ṣáájú. Bàámi ń lò ó lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ torí PCV tó lọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, warfarin, clopidogrel, ẹ má fúnra yín dá a dúró, ẹ má sì dákẹ́ nípa ẹ̀, dókítà ló máa sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi í sílẹ̀ àti bóyá ẹ máa fi í sílẹ̀ rárá. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó béèrè bó ṣe máa ṣe metformin tàbí insulin ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ní jẹun, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ dá àgbo dúró pátápátá. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa tàbí tí ọkàn ẹ̀ ń dà á láàmú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kí wọ́n má baà fún un ní òògùn ìfọfun tí iyọ̀ phosphate wà nínú ẹ̀, ìyẹn lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí jẹ́nótáìpù ẹ̀ bá jẹ́ SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè ketekete, torí omi ara tó máa gbẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn lè gbé kíráísìsì dìde, ẹ ní kí wọ́n dá yín dúró sí wọ́ọ̀dù kí wọ́n fa dírípù sí yín lára.

Ó wá kan oúnjẹ. Tó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ yẹra fún gbogbo nǹkan tó ní háhá tàbí kóró. Ẹ̀fọ́ riro, ewédú, ilá, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, gúáfà, ọsàn, ìrẹsì ọ̀fadà, búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ ẹ gbé e sílẹ̀. Kóró ata àti ti tòmátò lèèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ àwọn ló máa ń wọ inú ihò kámẹ́rà tí wọ́n fi ń fa omi tí wọ́n á dí i pa. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹ̀kọ, ògì, ẹyin, ẹja, adìyẹ, iṣu tẹ́ ẹ bó dáadáa, ìwọ̀nba iyán pẹ̀lú omi ọbẹ̀ tẹ́ ẹ fi asẹ́ sẹ́, ìyẹn ò burú. Bàámi kígbe pé kí ni ìyẹn tó jẹ́ pé kò sí ẹ̀fọ́ kò sí ata, mo ní ẹ farada a bàámi, ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

Nígbà tó bá ku ọ̀la, ẹ ò ní jẹ nǹkan líle kankan mọ́, omi tó mọ́ gaara nìkan lẹ máa mu. Àwa rò pé omi lásán ni wọ́n ń sọ nígbà àkọ́kọ́, ebi wá pa bàámi débi pé wọ́n lọ jí ẹ̀kọ àti àkàrà jẹ lálẹ́, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe omi lásán. Ohun mímu tẹ́ ẹ bá dà sínú gíláàsì tẹ́ ẹ sì lè rí ìka yín láti òdì kejì ni: tíì tí kò ní mílíìkì, Sprite tàbí 7Up, omi àgbọn, omi ẹran tàbí omi adìyẹ tẹ́ ẹ ti sẹ́ tí òróró ò sí lójú ẹ̀, oyin tẹ́ ẹ pò mọ́ omi gbígbóná, ẹ lè fi ṣúgà sí tíì yín dáadáa kí agbára lè wà lára. Ẹ má mu zóbò! Ohunkóhun tó bá pupa tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò, títí kan ribena àti fanta pupa, á kun ìfun, dókítà á sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mílíìkì, bọnfítà, kunu, yóògọ̀ọ̀tì, ògì, wọn ò sí nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọtí ẹ má dán an wò.

Òògùn ìfọfun gangan ló le jù. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ni PEG, ìyẹ̀fun ni, ẹ máa pò ó mọ́ omi. Ẹlòmíràn á ní lítà 4, ẹlòmíràn lítà 2 pẹ̀lú tábílẹ́ẹ̀tì bisacodyl, ohun tí wọ́n bá kọ fún yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kó lè yé yín, ọ̀rá pure water kan tó jẹ́ 50cl, mẹ́jọ irú ẹ̀ ni lítà 4. Ohun tó pọ̀ ni. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́ bí àwa ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́, ẹ pín in sí méjì, ìdajì nírọ̀lẹ́ bí aago mẹ́fà, ìdajì tó kù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ náà, bí wákàtí 5 ṣáájú àsìkò yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ní aago mẹ́wàá, a jẹ́ pé aago mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún ìdájí lẹ máa dìde mu ún. Ó máa ń ṣòro fún èèyàn láti jí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ti òwúrọ̀ yẹn gan-an ló ń fọ ohun tí ìfun tún dà sílẹ̀ lóru, ẹni tó bá mu gbogbo ẹ̀ lálẹ́, ìfun ẹ̀ á ti tún dọ̀tí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àyẹ̀wò bàámi àkọ́kọ́ àti èkejì, ibẹ̀ ló pọ̀ jù sí.

Adùn ẹ̀ ò dáa, ó dà bí omi iyọ̀ tó yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ẹ pò ó ṣáájú kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì, tí ò bá sí iná ẹ ra áísì bọ́ọ̀kù, ẹ má gbé áísì náà sínú ẹ̀ o, ẹ gbé ìgò ẹ̀ lé e lórí. Ife kan ní ìṣẹ́jú 15-15, ẹ gbé e mì kíákíá, ẹ má máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè fi sítírọ́ọ̀ mu ún, kẹ́ ẹ lá oyin díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fa ètè lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn má gbé ọsàn náà mì. Tí èébì bá ń gbé yín, ẹ sinmi fún bí ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ rìn káàkiri yàrá, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀síwájú. Tí ẹ bá bì í gbogbo ẹ̀, ẹ pe ọsibítù.

Ẹ ṣètò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ife àkọ́kọ́. Láàárín wákàtí kan sí méjì ló máa bẹ̀rẹ̀, tó bá sì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ pọn omi kún dírọ́ọ̀mù, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ẹ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ilé tí ayálégbé pọ̀ sí lẹ̀ ń gbé tí ẹ jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ẹ sọ fún àwọn ará ilé, kò sí ohun ìtìjú ńbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé póò sí yàrá. Ẹ má fi tíṣù nu ìdí, á bó yín lára, omi inú búútà ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi vaseline pa á láti ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ta.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́? Ẹ wo ohun tó ń jáde. Tó bá ṣì dúdú tó nípọn bí àmàlà tí wọ́n da omi sí, kò tíì mọ́. Tó bá ń jáde bí omi ìrẹsì, ó kù díẹ̀. Ìgbà tó bá dà bí ìtọ̀, pupa rúsúrúsú tó mọ́ tẹ́ ẹ ń rí ìsàlẹ̀ póò, ẹ ti ṣe é. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì dúdú, ẹ fóònù wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mu sí i tàbí kí wọ́n fi omi fọ ìdí yín tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ó sàn ju kí wọ́n ti kámẹ́rà wọnú ìgbẹ́ lọ. Ohun mímu gbogbo máa dúró, títí kan omi, ó kéré tán ní wákàtí 2 ṣáájú, ibòmíràn á ní kẹ́ ẹ ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà wá ńkọ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibi tó jìn, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, Ìkòròdú sí Ìdí-Àràbà, kó wá ibi sùn sí nítòsí ọsibítù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àwa sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà àkọ́kọ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ la wà nígbà tí inú bàámi tún ṣí, bàbá tó ń tijú ọmọ ẹ̀, mi ò fẹ́ rántí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ máa bọ́ aṣọ, wọ́n á fún yín ní kaba tó là lẹ́yìn, ẹ máa fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ ọwọ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ oorun, ẹlòmíràn á sùn pátápátá, ẹlòmíràn á kàn máa tòògbé. Dókítà á kọ́kọ́ fi ìka tó fi ohun yíyọ̀ pa wò ó, kámẹ́rà á tẹ̀ lé e, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì gùn tó mítà kan ààbọ̀ torí bí ìfun ńlá náà ṣe gùn nìyẹn. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé kí ìfun lè ṣí, òun ló máa ń jẹ́ kí inú rí bìnrìn-bìnrìn. Ẹ só o síta, ẹ má há a mọ́ra, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹlẹ́yà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni. Gbogbo ẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 sí 45 lọ. Tí wọ́n bá rí polyp, wáyà kékeré tí wọ́n ká bí ìdẹ̀kùn ni wọ́n á fi mú un, wọ́n á gé e, kò ní dùn yín torí ara ìfun níbẹ̀ kì í mọ ìrora gígé. Ti bàámi méjì ni wọ́n gé.

Àwọn ọkùnrin wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí. Ohun tí bàámi kọ́kọ́ sọ ni pé kò sí ọkùnrin tó máa ti nǹkan bọ àwọn nídìí. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yẹn fi dá wa dúró. Èmi bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́, ìgbà tí Alfa wa tó ti ṣe é rí bá wọn jókòó tó sọ tiẹ̀ fún wọn ni wọ́n gbà. Torí náà tí ẹ bá ní bàbá tó ń ṣe báyìí, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ wá ẹgbẹ́ wọn tó ti ṣe é lọ bá wọn.

Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ oorun ò gbọ́dọ̀ dá lọ sílé. Kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò tàbí gun ọ̀kadà, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé owó tàbí ilẹ̀ kankan títí wákàtí 24 á fi pé. Oúnjẹ tó fúyẹ́ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Inú wíwú àti isó púpọ̀, á lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n gé nǹkan, kò burú. Ṣùgbọ́n tí inú bá ń dùn yín gidigidi tó ń le sí i, tí ikùn le gbandi, tí ara ń gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru. Kámẹ́rà lè lu ìfun, kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, wákàtí lẹ̀ ń kà, ẹ má lọ mu flagyl nílé.

Fún ẹni tó jẹ́ pé òkè ikùn ló ń dùn ún, tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tó ń rùn, ti ẹnu ni wọ́n máa gbà, endoscopy nìyẹn. Ìyẹn rọrùn, kò sí òògùn ìfọfun, ẹ kàn máa gbààwẹ̀ wákàtí 6 sí 8, wọ́n á fún nǹkan kan sí ọ̀fun kó kú tipiri, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ó ti parí, ẹ má jẹ ẹ má mu títí ọ̀fun á fi padà bọ̀ sípò. Ẹ sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá ń lo ibuprofen, diclofenac, tàbí Alábùkún, torí aspirin wà nínú Alábùkún, gbogbo wọn ló ń dá ọgbẹ́ sí inú. Kòkòrò H. pylori náà ń dá a, dókítà kan tó ń jẹ́ Barry Marshall gbé e mu fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984 láti fi hàn pé kòkòrò ló ń fa ìnira inú, òun àti Robin Warren sì gba Nobel lọ́dún 2005. Omeprazole, òògùn ọgbẹ́ inú, lè fi kòkòrò yìí pamọ́, ẹ bi dókítà bóyá kẹ́ ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá rí i, ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń fi lo òògùn ẹ̀, ẹ lò ó tán, kẹ́ ẹ wá tún àyẹ̀wò ṣe ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ẹ̀, ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, torí ti ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa sọ pé ó wà nígbà tó ti lọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ gba ìwé àbájáde àti fọ́tò tí wọ́n yà. Ẹ bi dókítà: ṣé ẹ dé òpin ìfun ńlá? Ṣé inú mọ́ dáadáa? Ìgbà wo ni kí n padà wá? Tí kò bá dé òpin tàbí tí inú ò mọ́, àyẹ̀wò ò tíì parí, kódà kí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ẹran tí wọ́n bá gé, èsì ẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fúnra yín lọ bi wọ́n, ẹ má dúró pé wọ́n máa pè. Ti bàámi jáde, kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú méjèèjì ti ń múra ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún 3, kí èmi àtàwọn àbúrò mi náà sì má pẹ́ jù kí wọ́n tó wo tiwa, ọjọ́ tèmi ti wà nílẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ ni.